Ẹni Tí Bàbá Mú, Ẹni Tí Bàbá Ò Mú

Níbi ìsìnkú Bàbá, Ọ́ńkù Fẹ́mi, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, dìde sọ̀rọ̀, ó ní Bàbá jẹ́ ẹni tó máa ń ríran jìnnà. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, nítorí pé òótọ́ ni. Ojú Bàbá ríran jìnnà gan-an. Ohun tó wà nítòsí ni kì í rí.

Wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ àgbà kọ ìrántí rẹ̀, kí n sì kọ ọ́ dáadáa. Màá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ka oríyìn nìkan, kó lọ wá ìwé pélébé tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, oríyìn kún inú rẹ̀ bámúbámú. Inú ń bí mi sí bàbá àgbà mi, ikú rẹ̀ ò sì tíì pa ìbínú náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú mi ni, wọn ò sì kí ara wọn.

Tísà eré ìdárayá ni Bàbá ní ilé ìwé girama kan ní Ọ̀yọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń ṣa àwọn ọmọ tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé náà. Lẹ́yìn tí ìyá àgbà mi kú ni Mọ́mì ṣe gbogbo ètò tó fi wá bá wa ní Wylie, ìlú kékeré kan ní Texas. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n wa, ó wò ó títí, ó wá yíjú sí mi.

“Àbẹ̀kẹ́, bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń gbé mọ́yà sá lọ bí ẹni jí adìyẹ gbé?”

“Grandpa, that's football.”

“Football kẹ̀? Ìjà ìgboro lèyí. Ẹ wá olóyè kan kó là wọ́n.”

Kì í ṣe eré náà ló wá yí i lérò padà, ìṣàyàn ni. Lọ́dọọdún, nígbà tí òdòdó aláwọ̀ aró bá ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ freeway, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńláńlá máa ń péjọ láti mú àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde ní yunifásítì. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe burúkú jù lọ́dún tó kọjá ló máa kọ́kọ́ mú, èyí tó tẹ̀ lé e á mú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa yí i ká fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ni Bàbá rí i, ó sì di tirẹ̀. Ó ní, “Iṣẹ́ mi rèé,” ó fa àga súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó di kí wọ́n parí.

Ọ̀nà tó ń gbà wò ó yàtọ̀ sí ti àwọn èèyàn. Kì í wo ẹni tí wọ́n mú. Ẹni tó mú un ló máa ń wò. Ó ní ẹgbẹ́ lè purọ́ fún àwọn oníròyìn bó ṣe wù ú, kóòṣì lè jókòó síwájú maikirofóònù kó ní gbogbo ọmọ òun ló tẹ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ ìṣàyàn, ọwọ́ rẹ̀ á tú u fó. Tí wọ́n bá mú ọ̀dọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹni tó ń jù ú fún wọn ṣì lókun lára, wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù ẹni yẹn mọ́ nìyẹn, bó pẹ́ bó yá. Tí wọ́n bá mú ọmọ tí orúnkún rẹ̀ ti fọ́, tí kò ní lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yẹn, wọ́n gbà pé ọdún ṣì pọ̀ níwájú àwọn. Tí wọ́n bá sì fi àyè ìṣàyàn wọn tó dáa sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ mìíràn kí wọ́n lè gba àyè méjì tí kò dáa tó o, wọ́n mọ̀ pé ibi tó ń jò nínú ilé àwọn ju ẹyọ kan lọ. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú, ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n jù nìyẹn.”

Ọjọ́ kẹta, ìyẹn Sátidé, ló fẹ́ràn jù. Gbogbo àwọn tí okìkí wọn ti kàn ti tán nígbà náà, àwọn èèyàn ti pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti gba ilé ìtajà lọ. Bàbá nìkan ló máa ń jókòó, ife tíì lọ́wọ́, tí á máa wo àwọn ọmọ tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ gan-an ò lè pe orúkọ wọn. Lọ́jọ́ Sátidé kan ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí mo wá kórìíra gidigidi lẹ́yìn náà. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ wa ò tíì mú ẹnikẹ́ni tó máa ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ó rẹ́rìn-ín. “Ibi tí wọn ò bá mú ẹnikẹ́ni sí, Àbẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni ọkàn wọn balẹ̀ sí jù.”

Òun àti Ọ́ńkù Fẹ́mi máa ń jà lórí ìṣàyàn yìí. Allen ni Ọ́ńkù ń gbé, kò jìnnà sí wa, ẹnjiníà ni ní ilé iṣẹ́ fóònù kan ní Richardson. Kì í sábà wá wo Bàbá, ṣùgbọ́n kì í pa ọjọ́ ìṣàyàn jẹ. Lọ́dún kan, ó dé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ìlú wa lọ́rùn, ó fẹ́ kí wọ́n mú ọmọ kan tó ń sáré bí ehoro. Wọn ò mú un. Gìrìpá ọmọ kan ni wọ́n mú, irú àwọn tó máa ń dúró níwájú láti dí àwọn alátakò lọ́nà, tí ọmọdé kì í bẹ bàbá rẹ̀ pé kó ra ṣẹ́ẹ̀tì wọn fún òun. Ọ́ńkù fò dìde.

“What are they doing? Dad, ṣé ẹ rí àwọn èèyàn yìí? Ẹni tó máa score la nílò!”

“Fẹ́mi, jókòó. Wọ́n ti rí i pé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn ò ní aláàbò. Ọmọ yìí ni wọ́n máa fẹ̀yìn tì.”

“Dad, nobody cares about linemen!”

“Ẹni tó ń kọ́lé kì í kọ́kọ́ ra kọ́tìnì.”

Bí wọ́n ṣe ń jà báyìí, Mọ́mì fẹ́ gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú àwo ìrẹsì méjì lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó yẹ orúnkún fún un nínú àwọn méjèèjì. Ó gba ẹ̀yìn àga yí wọn ká, ó gbé oúnjẹ síwájú wọn, ó sì padà lọ gbé omi wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Bàbá ṣe ń gbé ilé wa. Nílẹ̀ wa, bàbá ìyàwó kì í wá sọ ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ di ilé. Ó lè ṣe àbẹ̀wò, kó jẹun, kó súre, kó máa lọ. Nítorí náà, Bàbá ò gbà rí pé ọ̀dọ̀ wa ni òun ń gbé. Ọ̀dọ̀ Fẹ́mi ní Allen ni òun ń gbé, òun kàn wá kí wa ni. Ọdún gorí ọdún, ó ṣì ń kí wa. Inú àpótí tó gbé wá láti Ọ̀yọ́ ni aṣọ rẹ̀ wà, kò gbé ẹyọ kan kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mọ́mì á fọ̀ wọ́n, á lọ̀ wọ́n, á ká wọn padà sínú àpótí bíi ti ẹni tó máa rìnrìn àjò lọ́la.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé Ọ́ńkù ti ní àtẹ̀gùn ilé òun ga jù fún orúnkún Bàbá. Ilé tiwa náà ní àtẹ̀gùn. Yàrá ìsàlẹ̀ tí Mọ́mì àti Dádì ń sùn ni wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀ fún un, tí wọ́n gòkè lọ há ara wọn mọ́ yàrá kékeré. Dádì ń wa tírélà, kì í sábà sí nílé, kò sì ráhùn. Ohun tó sọ ò ju pé, “Fọlákẹ́, jẹ́ kí wọ́n máa ṣe àlejò wọn. Àgbà ni wọ́n.” Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹnì kan bá bi Bàbá pé níbo ló ń gbé, Mọ́mì á dúró tì í, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó fi wà á wá lọ́wọ́ rẹ̀, á máa gbọ́ ọ bó ṣe ń dáhùn pé, “Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Allen ni. Mo kàn wá kí àwọn ará Wylie ni.”

Àdúrà òwúrọ̀ ńkọ́? Bàbá ló ń gbà á. Á dárúkọ Fẹ́mi, á dárúkọ ìyàwó Fẹ́mi, á dárúkọ àwọn ọmọ Fẹ́mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ìyẹn tí kò lè kí i ní Yorùbá. Á gbàdúrà fún Dádì lójú títì. Á gbàdúrà fún mi tí mo bá ti jáde. Mi ò gbọ́ orúkọ Mọ́mì rí. Nígbà tí mo ṣì kéré, mo bi í léèrè, ó sì wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. “Àwọn tí kò sí níbí là ń dárúkọ. Ẹni tó wà níbí, Ọlọ́run ṣáà ń rí i.”

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn pé kò ṣe mí lóore. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, mo lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní Richardson, iṣẹ́ tí mo ti ń fi yangàn kí wọ́n tó fún mi. Wọn ò gbà mí. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà, mo ń sunkún láàárín àwọn àjèjì, tí kálukú ń wo fóònù rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, Bàbá rí ojú mi, ó sì pa tẹlifíṣọ̀n, ohun tí kì í ṣe rárá. Ó ní kí n jókòó. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó sọ ìtàn àwọn ọmọ tí òun kọ̀ láti mú ní Ọ̀yọ́ fún mi, àwọn tó wá di gbajúmọ̀ lẹ́yìn náà tí wọ́n sì padà wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí tí èmi náà fi rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, “Ẹni tí wọn ò mú lọ́jọ́ kìíní kó má tíì palẹ̀ mọ́. Sátidé ṣì ń bọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi ró tí mo fi rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí. Ìgbà tí mo gbọ́ ìtàn Mọ́mì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu mi.

Inú mọ́tò ni Mọ́mì ti sọ ọ́ fún mi, nígbà tí à ń lọ gba oògùn Bàbá. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ará àdúgbò. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama, tí Fẹ́mi tẹ̀ lé òun, ọ̀rẹ́ Bàbá kan tó ti ń gbé ní Texas tipẹ́ ránṣẹ́ pé òun lè gba ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀, kó wá ka ìwé níbí. Ọ̀kan péré. Mọ́mì ni àkọ́bí, òun ló sì ń gba ipò kìíní. Fẹ́mi ti ń sá kúrò nílé ìwé ní tirẹ̀, ó ti ń bá àwọn ọmọ gáréèjì rìn. Bàbá pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀, ó ní òun ti rò ó, Fẹ́mi ni òun mú.

“Ẹ ò bi wọ́n pé kí ló dé?” Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pariwo.

“Mo bi wọ́n. Wọ́n ní, ‘Fọlákẹ́, ibikíbi tí mo bá fi ọ́ sí, wàá hù níbẹ̀.’ Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo rò pé ìre ni wọ́n sú fún mi.”

Ó sì hù lóòótọ́. Ó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ó ṣe ìdánwò, ó tún un ṣe, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ dé orílẹ̀-èdè yìí pẹ̀lú èmi lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó gbà á sọ́dọ̀. Fẹ́mi náà ò bà jẹ́. Ó kàwé, ó di ẹnjiníà, ó kọ́lé sí Allen. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìṣàyàn á sọ pé Bàbá mọ ọmọ mú. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà á ló mú ọmọ sí, ilé rẹ̀ ò sì wó. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, pé kò ṣàṣìṣe. Tó bá ṣàṣìṣe ni, ì bá tọrọ àforíjì.

Lọ́dún tí Bàbá kú, kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ ìṣàyàn sì bá a ní ilé ìwòsàn. Ní òwúrọ̀ Sátidé yẹn, Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń tún ìrọ̀rí Bàbá ṣe nígbà tí dókítà wọlé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan. Dókítà náà bi Bàbá pé, tó bá di pé kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, ta ni kí àwọn máa bi léèrè ohun tó fẹ́.

“My son,” Bàbá dáhùn. “Fẹ́mi.”

Fẹ́mi ò sí níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní eré bọ́ọ̀lù ní Allen lọ́jọ́ náà. Dókítà wo Mọ́mì, ó wo Bàbá.

“And your daughter?”

“She is here,” Bàbá ní, bíi pé ìyẹn ti tó.

Mọ́mì ní òun ń lọ gbé ògì gbóná. Bó ṣe jáde, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Orí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ojú Bàbá sì ti padà síbẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kì í mú Mọ́mì?”

  Ó wá yí orí rẹ̀ sí mi díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí ẹ̀bi kankan nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì bí mi nínú. “Wọn kì í mú ẹni tó ti wà nílé, Àbẹ̀kẹ́.”

“Ẹni tó wà nílé náà, Bàbá, contract ẹ̀ máa ń tán. Wọ́n máa ń fún un ní tuntun ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á lọ.”

“Ṣé ìyá rẹ lọ?”

 Mo gbójú sókè, Mọ́mì ti dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ògì. Mi ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn. Ó wọlé, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ ògì náà kó tutù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún bàbá rẹ̀ jẹ.

Nígbà tí ọjọ́ wá pé, tí Bàbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, Fẹ́mi ni ilé ìwòsàn pè bó ṣe sọ. Fẹ́mi fóònù Mọ́mì, ó ń sunkún. “Sìstá mi, kí ni kí n sọ fún wọn?” Mọ́mì ṣàlàyé fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí ni kí wọ́n dá dúró, ìwọ̀nyí ni kí wọ́n fi sílẹ̀ kí ara má baà ni ín. Fẹ́mi lọ sọ ọ́ fún dókítà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń yìn ín pé ó dúró ti bàbá rẹ̀ bí ọkùnrin. Inú ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì ni Mọ́mì wà, ó ń ka àwo.

Bí ọdún kan ṣe ń súnmọ́, Ọ́ńkù Fẹ́mi tún pè. A jókòó sí tábìlì ìjẹun, fóònù wà láàárín wa, Mọ́mì ti tan sípíkà rẹ̀ nítorí pé ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Sìstá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ìrántí Bàbá ni. Mo ti sọ fún Pásítọ̀, mo ti sọ fún àwọn ará Houston, everybody is coming. Mo ní ilé yín la máa lò, ẹ̀yin ṣáà lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.”

Mọ́mì ò dáwọ́ dúró. “Ilé ẹ ni kí o ṣe é sí, Fẹ́mi.”

“Ah, Sìstá mi. Ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó máa se nǹkan…”

“Ìwọ ni Bàbá mú.”

Kò pariwo sọ ọ́.  Ọ́ńkù ní, “Ó dáa, ma,” ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ ilé ìwé, ó sì pa fóònù.

Inú mi dùn débi pé mo lu tábìlì. Mo ní, “Mọ́mì! Ẹ ṣe é! Ó pẹ́ tó ti yẹ kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ fún wọn!” Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti dúró nínú ẹ̀wà náà, omijé sì ń kán sínú rẹ̀. Mo dìde, mo di ìyá mi mú. Ó jẹ́ kí n di òun mú, ohun tí kì í sábà ṣe.

“N ò ṣe nǹkan kan, Àbẹ̀kẹ́,” ó ní. “Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mú mi ni. Kí Bàbá mi mú mi, lẹ́ẹ̀kan péré.”